Pínnì ọ̀pá gíà Honda Civic 1998 kọ̀, kò jáde. Ẹ gbà mí o

Àdìsá_Civic98:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Honda Civic 1998 ni mo wà lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Mánúà ni, ẹ́ńjìnnì D16. Kílọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ pààrọ̀. Bátìrì ti kúrò, sítátà ti kúrò, ṣáàfù táyà méjèèjì ti jáde, bóòtù gíábọ́ọ̀sì ti dẹ̀. Ohun tó kù tó di gíábọ́ọ̀sì mú ni ọ̀pá gíà tó ti inú ọkọ̀ wá. Pínnì tó so ọ̀pá yẹn mọ́ irin tó yọrí jáde lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì kò mira rárá.

Mo ti yọ kílíìpù tó bò ó. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo wá fi sukurudíráfà tín-ín-rín ki í láti ìsàlẹ̀, mo ń fi òòlù lù ú. Etí pínnì náà ti ń là bí ẹnu fèrè. Àyè òòlù gan-an kò tó nítorí páìpù sàlẹ́ńsà. Ṣé kí n pọn iná sí i ni, àbí kí n kúkú gé ọ̀pá náà? Ọ̀la ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí jáde.

Sípánà14:
Dáwọ́ dúró ná. Sukurudíráfà yẹn gan-an ló ń dì í mọ́ inú.

Pínnì yẹn kì í ṣe irin tó kún. Inú rẹ̀ ṣófo bíi páìpù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ya láti orí dé ìdí. Irin sípíríńgì ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n bá ti lù ú wọ ihò, ibi tó ya yẹn á pa dé díẹ̀, pínnì á wá máa ti ògiri ihò náà lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Òun ni kò fi í bọ́. Bí o bá wá ki nǹkan ṣóńṣó bọ inú rẹ̀, ṣe lò ń ṣí i bí agboòrùn. Bí o ṣe ń lù ú sí i ló ń fún sí i.

Mìlímítà 8 ni ìbú rẹ̀, 22 ni gígùn rẹ̀. Irin tí o máa fi lù ú gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu, kí ìbú rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 7.5 sí 7.9. Báyìí ni yóò fi jókòó lé etí pínnì, tí kò ní wọnú rẹ̀, tí kò sì ní há mọ́ ihò nígbà tó bá ń tẹ̀ lé e lọ. Pọ́ọ̀ǹṣì ínṣì 5/16 bá a mu, nítorí bíi mìlímítà 7.9 ni. Bí o kò bá rí i rà, wá bóòtù 8 tó le, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Ibi tí kò ní eyín (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́) lára rẹ̀ ni kí o gé lò, kí o sì fi fáìlì tẹ́ ẹnu rẹ̀.

Etí tó ti là yẹn kò ní gba inú ihò kọjá bẹ́ẹ̀. Fi fáìlì kékeré yí i po títí ìbú rẹ̀ yóò fi pa dà sí 8, àbí kí o lù ú láti òdìkejì bí àyè bá wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ládípọ̀:
Gírámà ti pọ̀ jù. Da búréèkì ọ́ìlì sí i, pọn iná sí i títí tí yóò fi pupa, lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti jáde nìyẹn. Bí pínnì bá bàjẹ́, bóòtù 8 la fi ń rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Ìyá_Gíà:
Ọmọ Ládípọ̀, ṣé o fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe ni àbí o fẹ́ dáná sun ún?

Búréèkì ọ́ìlì kì í wọnú ìpáàrà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bó ọ̀dà ọkọ̀. Bákan náà, síìlì rọ́bà wà lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì níbi tí irin yẹn ti yọ jáde, kò sì jìnnà sí pínnì. Epo gíà ni wọ́n ṣe síìlì yẹn fún. Búréèkì ọ́ìlì á mú un wú, á mú un rọ̀. Ní ti iná tó máa pọ́n irin dé pupa, síìlì kò ní dúró dè é. Ẹ óò dá gíábọ́ọ̀sì pa dà tán, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ óò tún padà sábẹ́ ọkọ̀. Irin tó bá sì ti pọ́n bẹ́ẹ̀ kò ní le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àdìsá, àbúrò mi, wo bí o ṣe máa ṣe é. Gbé iwájú ọkọ̀ sórí sítáǹdì méjì. Jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù sì kọ́. Búlọ́ọ̀kù máa ń là lójijì láì kìlọ̀, pàápàá bí èèyàn bá ń lu irin lábẹ́ ọkọ̀.

Sọ páìpù sàlẹ́ńsà iwájú kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń sá fún èyí, wọ́n á ní àwọn lè fi òòlù kékeré bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Sípánà 14 ló ń tú nọ́ọ̀tì ẹnu mánífóòlù. Ooru ti sè wọ́n, nítorí náà rọ epo sí wọn kí o jẹ́ kí wọ́n mu ún dáadáa kí o tó fi agbára sí i. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá wà lára páìpù náà, yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́kọ́, má jẹ́ kí páìpù fi wáyà kọ́. Ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sílẹ̀, ti àtijọ́ kò ní dí mọ́.

Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ibi pínnì tọ̀tún tòsì, títí o fi rí etí rẹ̀ yípo. Ẹrẹ̀ tó ti gan mọ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí epo wọlé. Kẹrosíìnì nìkan máa ń gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Pò ó mọ́ epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀, àbí kí o lo dísù. Rọ ọ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀, jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, tún un rọ láàárọ̀. Kò sí ohun tí o lè fi òòlù ṣe lónìí tó máa ju èyí lọ.

Láàárọ̀, ní kí ẹnìkan wọ inú ọkọ̀, kó máa ti gíà lọ sókè sódò. Ìwọ dùbúlẹ̀, máa wò ó. Ọ̀pá náà máa ń lọ síwá sẹ́yìn bí a bá ń kó gíà, ó sì máa ń yí díẹ̀ bí a bá tì í sí ọ̀tún tàbí òsì. Gíà tó bá gbé ẹnu pínnì kọjú sí ibi tí àyè wà jù ni kí ẹ fi í sí, kó wà níbẹ̀ kó má baà máa mì.

Nígbà tí o bá fẹ́ lù ú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi òòlù tó wúwo ti ẹ̀yìn ọ̀pá náà lódìkejì. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni kó tì, kì í ṣe orí ihò, kí pínnì lè rí ọ̀nà gbà. Bí kò bá sí ohun tó tì í, ọ̀pá á kàn máa fò bíi sípíríńgì, gbogbo agbára òòlù rẹ á lọ sínú gíábọ́ọ̀sì níbi tí o kò fẹ́ kó lọ. Òòlù kílò kan sí kílò kan àbọ̀ ni kí o lò. Òòlù kékeré tí a lù nígbà ọgọ́rùn-ún, etí pínnì ló ń là. Èyí tó wúwo, tí a lù gbọn-in lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun ló ń tì í. Wọ jígí ojú o. Irin sípíríńgì máa ń ta ègé tó mú bíi fèlèfélé.

Ará_Chicago:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ dúpẹ́. Níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ti jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ tán. Pínnì ọkọ̀ tó bá ti rí òtútù ogún ọdún kì í gbọ́ ti òòlù mọ́ rárá. Àwọn mẹkáníìkì ibí ní orúkọ àlùfàǹṣá tí wọ́n ń pè é, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù fún irú rẹ̀ ni kí ẹ má lù ú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá kílámù onírin tó nípọn, irú èyí tí a fi ń yọ bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì. Ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ègé irin tí ìbú rẹ̀ ń lọ bíi 7.9 sí i, kó gùn tó mìlímítà 10 péré. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn 12 tàbí 13 sí i kí pínnì lè máa wọ inú rẹ̀. Ẹ yí i le gan-an, kí ẹ wá fi òòlù kékeré ta orí kílámù. Ẹ máa gbọ́ “pàà!” lẹ́ẹ̀kan. Ohùn yẹn ni ìpáàrà tó já. Lẹ́yìn náà ẹ fi ègé irin tó gùn tó mìlímítà 25 rọ́pò ti kékeré, kí ẹ tì í dé òpin. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gùn, ó máa tẹ̀ kó tó ti nǹkan kan.

Epo tí a ń rọ sí i: PB Blaster ló wọ́pọ̀ níbí, Plusgas ni ti àwọn ará London. WD-40 dára fún fífọ nǹkan ju fún ìpáàrà tó ti jinlẹ̀ lọ. Àwọn kan ń po epo gíà ọ̀tòmátíìkì mọ́ ásítóònù ní ìdajì-ìdajì. Ó ń wọlé dáadáa, àmọ́ wọn kì í darapọ̀ pẹ́, nítorí náà ẹ máa mì í kí ẹ tó rọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún iná, ásítóònù máa ń gbiná lójú ẹsẹ̀.

Òòlù afẹ́fẹ́ náà ń yọ ọ́, bí ẹnu irin rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ni kí ẹ máa fi í sí i.

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú:
Ta ló ní kí ẹ yọ pínnì yẹn rárá?

Kílọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ pààrọ̀, kì í ṣe ọ̀pá gíà. Ọ̀pá yẹn ní orí méjì. Èyí tó wà níwájú ni pínnì dì mú. Èyí tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ gíà wà, bóòtù kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọwọ́ gíà. Ẹ tú bóòtù yẹn. Ọ̀pá kejì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í yí, èyí tó di ìjókòó ọwọ́ gíà mú. Bóòtù kan ló so òun náà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ tú u. Ó parí. Ẹ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ tòun ti ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Pínnì tó bá fẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ayé, kó wà níbẹ̀.

Sípánà14:
@Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú, òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn fún ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì nìkan ń dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ẹ kò sọ.

Sàlẹ́ńsà ṣì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó ń dí ooru lókè rẹ̀, kí ọwọ́ tó lè dé ẹsẹ̀ ọwọ́ gíà. Nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju tìyẹn lọ.

Ìrù yẹn gùn. Bí gíábọ́ọ̀sì bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ̀yìn ọ̀pá bá fi ilẹ̀ gún, gbogbo ìwọ̀n gíábọ́ọ̀sì lé e lórí nìyẹn. Ó lè tẹ̀, ó sì lè fa irin inú gíábọ́ọ̀sì wọ́. Ẹ fi wáyà dì í mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì ní gbàrà tó bá ti bọ́ lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Àdìsá, di ọ̀pá yẹn mú nítòsí pínnì, mì í. Bí orí rẹ̀ níwájú bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, tí ọwọ́ gíà sì ń fì kiri nínú ọkọ̀ bíi ṣíbí nínú abọ́, ọ̀pá yẹn fúnra rẹ̀ ló ti jẹ. Ohun tí o máa pààrọ̀ nìyẹn, o kò sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láì yọ pínnì.

Àdìsá_Civic98:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọwọ́ gíà ń fì, ó ti ń ṣòro láti rí gíà kejì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nítorí náà pínnì gbọ́dọ̀ jáde.

Sàlẹ́ńsà ti wà nílẹ̀ báyìí. Mo fọ ibẹ̀ bí Ìyá ṣe wí, ohun tí mo rí kò dára. Ẹnìkan ti jó orí pínnì mọ́ ara ọ̀pá lókè. Ìmọ́ wẹ́dà kékeré kan wà níbẹ̀, ó tó ẹ̀wà kan. Ẹrẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti ń lù ú láti àárọ̀ lórí òfo.

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú:
Ha! Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní “kó ṣáà máa lọ”.

Wẹ́dà_Òṣogbo:
Àwọn tó ń jó pínnì yẹn kì í rò pé ẹlòmíràn máa wá tú u. Àmọ́ má bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé orí nìkan ni ìmọ́ náà wà, kò wọnú lọ. Wo ohun tí o máa ṣe.

Má fi gíríńdà ńlá débẹ̀. Àyè kò gbà á, o sì lè gé irin gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Gíríńdà kékeré tó ní òkúta bíi orí ìka, tàbí fáìlì onígun mẹ́ta, ni kí o fi jẹ ìmọ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi rí ìlà yípo pínnì. Ìlà yẹn ló máa sọ fún ọ pé wọ́n ti pínyà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Bó bá jẹ ara ọ̀pá díẹ̀, kò burú, ọ̀pá ni ìwọ fẹ́ pààrọ̀ tẹ́lẹ̀. Irin tó ti inú gíábọ́ọ̀sì yọ ni kí o ṣọ́.

Tí o bá ti fá a tán, ooru díẹ̀ lè ràn ọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó pupa. Fi àkísà tó tutù wé ẹnu gíábọ́ọ̀sì níbi síìlì. Nu gbogbo epo tí o ti rọ síbẹ̀ kúrò, nítorí ó máa gbiná. Rántí pé páìpù pẹtiróòlù ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Iná ìléwọ́ kékeré ni kí o lò, ẹni tó di ohun ìpaná mú sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Orí ọ̀pá, ìyẹn irin ìta, ni kí iná máa lá, má kọjú ẹ̀ sí pínnì. Irin ìta ló yẹ kó fẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbòòrò. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ tàbí kí o lù ú kíákíá kó tó tutù.

Bí wọ́n bá ní kí o wá fi iná wẹ́dà jó irin kan mọ́ inú pínnì kí a fi fà á, ó ṣeé ṣe, àmọ́ òpin ọ̀nà nìyẹn. Yọ wáyà bátìrì méjèèjì. Kílámù wẹ́dà gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọ̀pá yẹn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́. Bí o bá dì í mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí bọ́dì, iná á gba inú bẹ́ríǹ gíábọ́ọ̀sì kọjá, á gún un ní kòtò kéékèèké. O kò ní mọ̀ lónìí. Ariwo ni yóò sọ fún ọ.

Ọmọ_Ládípọ̀:
Ṣé ẹ kò mọ dírílù ni? Dírílù 8, pínnì lọ, ó tán.

Wẹ́dà_Òṣogbo:
Dírílù 8 kọ́ láéláé. Inú pínnì ṣófo, ẹnu dírílù á tẹ̀ lé ihò yẹn dáadáa, àmọ́ pínnì le. Bí dírílù bá jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tí kò jẹ èkejì, á yà sí ara irin gíábọ́ọ̀sì tó rọ̀ jù ú lọ. Ihò á di bí ẹyin adìyẹ, pínnì tuntun kò sì ní dì mú níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá di dandan, 7 ni kó gbẹ̀yìn, kó jẹ́ dírílù kóbáàtì, kó máa yí jẹ́jẹ́, kí epo máa kán sí i. Ara pínnì tó kù tín-ín-rín, fi pọ́ọ̀ǹṣì tẹ̀ ẹ́ sínú ara rẹ̀.

Ìyá_Gíà:
Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bóòtù 8 tí Ọmọ Ládípọ̀ ní ká fi rọ́pò pínnì, nítorí òun ló ń fa kí wọ́n máa jó o bẹ́ẹ̀.

Bóòtù 8 kò tó 8. Ìbú rẹ̀ máa ń dín díẹ̀, eyín rẹ̀ tún dín sí i. Pínnì ń ti ògiri ihò, bóòtù kò tì í. Nítorí náà ó máa ń ní àyè díẹ̀ láti mì. Gbogbo ìgbà tí o bá kó gíà, á lu ihò lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ihò ti fẹ̀, ọwọ́ gíà ti ń fì, mẹkáníìkì tó kàn á ní “ẹ jẹ́ ká jó o”. Ó dé ibi tí Àdìsá wà yìí nìyẹn.

Ará_Peckham:
Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi kan kún un. Bó bá jẹ́ pé alẹ́ ti lẹ́, tí pínnì tuntun kò sí, bóòtù lè gbé èèyàn délé, àmọ́ irú bóòtù tó yẹ ni. Kó jẹ́ èyí tí apá tí kò ní eyín gùn ju ọ̀pá lọ, kí eyín má wọ inú ihò rárá. Kó jẹ́ èyí tó le, tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà lẹ́nu tí kì í tú fúnra rẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ gíà dé gbogbo gíà kí ẹ rí i pé orí bóòtù kò kan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́.

Ìyá_Gíà:
Bẹ́ẹ̀ ni, Ará Peckham. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni. A mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ló máa ń jẹ́.

Baba_Ẹ́ńjìnnì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ kò dáhùn ìbéèrè tó bi yín níbẹ̀rẹ̀, pé ṣé kí òun gé ọ̀pá náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá ló máa pààrọ̀ lọ́nàkọnà, gígé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó gé ọ̀pá náà jìnnà sí gíábọ́ọ̀sì, ní bí ìbú ọwọ́ kan sí pínnì, kó wá sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá wà lórí tábìlì, orí ọ̀pá tó ṣẹ́kù á wà nínú fáìsì (irin ìdìmú orí tábìlì), pínnì á sì jáde bí ẹni yọ igi nínú ọṣẹ. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ìpáàrà nìkan, ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ni.

Kó kọ́kọ́ rí ọ̀pá tòkunbọ̀ tó dára rà o, kó tó gé. Kó mú ti ọwọ́ rẹ̀ lọ fi wọ̀n. Ti Civic 1992 sí 1995 àti ti 1996 sí 2000 jọra lójú, àmọ́ ẹni tó bá rà láì wọ̀n ló máa padà lọ.

Sípánà14:
Baba, ẹ ṣeun. Bí ó bá fẹ́ fi fáìsì di orí ọ̀pá mú, kó rántí pé ara ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fáìsì, kì í ṣe irin gíábọ́ọ̀sì. Irin yẹn ní ojú dídán tí síìlì ń gùn. Àmì eyín fáìsì kan lórí rẹ̀, epo á máa jò.

Àdìsá_Civic98:
Ó ti jáde o!! Mi ò gé e. Fáìlì onígun mẹ́ta ni mo fi jẹ ìmọ́ wẹ́dà, ó gbà mí ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo wá yá kílámù bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì, mo ṣe é bí Ará Chicago ṣe wí. Ohùn “pàà” yẹn, mo rò pé nǹkan ti kán. Pínnì ni.

Ihò orí ọ̀pá ti fẹ̀ díẹ̀, ti irin gíábọ́ọ̀sì ṣì yípo dáadáa. Ẹ bá mi sọ bí mo ṣe máa dá a pa dà.

Ìyá_Gíà:
O ṣeun, àbúrò mi. Kú iṣẹ́.

Kí o tó fi ọ̀pá tuntun sí i, wo síìlì tó wà lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì. Bí ọ̀rinrin epo bá wà níbẹ̀, ìsinsìnyí ni kí o pààrọ̀ rẹ̀. Wo rọ́bà tó bo irin náà pẹ̀lú. Bó bá ya, omi ẹrẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé.

Pínnì tuntun ni, má lo ti àtijọ́, kódà bí o bá rò pé ó dára. Ó ti la etí, ó sì ti sọ agbára sípíríńgì rẹ̀ nù. Fi gírísì tín-ín-rín pa inú ihò àti ara pínnì. Gírísì yẹn ló máa jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la gbàdúrà fún ọ. To ihò ọ̀pá mọ́ ihò irin, fi irin 6 tàbí 7 tó ṣóńṣó díẹ̀ bọ́ ọ láti tò wọ́n, kí o tó fi pínnì sí i. Bí ihò méjì kò bá tò tí o lù ú, pínnì á gé ẹ̀gbẹ́ ihò. Lù ú títí orí rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ara ọ̀pá lókè àti nísàlẹ̀. Má gbàgbé kílíìpù. Òun ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dá pínnì dúró bó bá fẹ́ yọ́ jáde, ọ̀pọ̀ sì ń sọ ọ́ nù. Tún rọ́bà fà bò ó.

Ọ̀pá kejì, èyí tí kì í yí, bóòtù rẹ̀ lára gíábọ́ọ̀sì gba Nm 22 (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i le). Wo búṣì rọ́bà rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti gbó, ọwọ́ gíà á ṣì máa fì lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí. Bákan náà ni àwọn búṣì ṣíṣu tó wà lẹ́sẹ̀ ọwọ́ gíà lẹ́yìn. Owó wọn kò tó nǹkan.

Kí sàlẹ́ńsà tó pa dà sókè, ní kí ẹnìkan kó gíà kìíní dé ìkarùn-ún àti rẹ́fáàsì, ẹ́ńjìnnì ní pípa. Ìwọ máa wo pínnì. Bí nǹkan bá ń kan ara wọn, àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Sípánà14:
Epo gíà: o ti yọ ṣáàfù, nítorí náà epo ti dà. Lítà 1.8 ló ń gbà. Má jẹ́ kí wọ́n da epo gíà 90 tó ki bí oyin sí i. Gíábọ́ọ̀sì Honda yìí ń fẹ́ epo Honda MTF, ìyẹn epo gíà mánúà ti Honda. Bí kò bá sí, epo ẹ́ńjìnnì 10W-30 lè gbé e fúngbà díẹ̀. Epo tó ki jù wà lára ohun tó ń mú kí gíà kejì le láàárọ̀, táwọn èèyàn á sì máa dá ọ̀pá lẹ́bi.

Ọmọ_Ládípọ̀:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Pínnì tuntun wà lọ́jà o, ẹ béèrè fún èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 22. Ẹ má gba ti ẹ̀rọ míì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 8, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30, wọ́n á ní kí ẹ gé e, ẹnu rẹ̀ kò ní tẹ́.

Àdìsá_Civic98:
Ọ̀gá Ládípọ̀, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀gbọ́n mi ní Accord 1992 mánúà, gíà tirẹ̀ náà ń le. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú:
Rárá. Kébù ni Accord yẹn ń lò, kò ní pínnì yìí. Ẹ wo kílíìpù àti búṣì ẹnu kébù méjèèjì lára gíábọ́ọ̀sì ná. Ẹ ṣí ìjíròrò tuntun fún ìyẹn.